Ẹ̀bùn ọdún tí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe fún ará ilé: ẹ dá sí i

Ìyá Àdùkẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò. Ọdún Kérésì ti dé tán, ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n sì máa ń kún dẹ́nu lásìkò ọdún. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin á ti Èkó dé, ìyá ọkọ mi ń bẹ nílé, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ á sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Aṣọ àti bisikíìtì onípáálí ni mo máa ń rà fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ ti gbọ́n àpò wa gbẹ, mi ò sì fẹ́ lọ yá owó kóópù nítorí ẹ̀bùn.

Mo ní máṣíìnì ìránṣọ, mo lè rán nǹkan díẹ̀díẹ̀, ọyẹ́ tó sì mú yìí, ohun tí a bá sá á tètè gbẹ. Kí ni ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣe rí tí ẹni tí ẹ fún lò ó ní tòótọ́? Mi ò fẹ́ ohun tí wọ́n á gbà, tí wọ́n á dúpẹ́, tí eku á wá máa jẹ lórí àjà.

Téélọ̀ Arówómọlẹ̀

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ìmúra ọdún. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni mo máa sọ. Kò sí ṣọ́ọ̀bù téélọ̀ tí àjákù àńkárá kì í kún àpò kan lẹ́yìn máṣíìnì rẹ̀, nínú oṣù yìí gan-an ló sì pọ̀ jù torí aṣọ ọdún. Iná la máa ń dá sí i. Ẹ lọ bá téélọ̀ àdúgbò yín pẹ̀lú àpò ṣófo, ẹ kí i dáadáa, á ní kí ẹ máa kó o lọ.

Ẹ fi ṣe aṣọ ìbora fún àwọn ọmọ. Ọyẹ́ ń mú wọn lóru, wọ́n á lò ó. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ kọ́kọ́ fọ àjákù náà, torí àńkárá tuntun máa ń sún kì, òmíràn á sì tún ṣí láwọ̀. Ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ gé páálí kan ní igun mẹ́rin ọgbọọgba, kí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, òun ni ẹ ó máa tẹ́ lórí aṣọ tí ẹ ó fi máa gé e kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu. Ẹ fi ìdajì ìbú ìka sílẹ̀ fún ojú rírán yíká. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti máa rán an lẹ́yọ lẹ́yọ káàkiri o. Ẹ so wọ́n pọ̀ ní ìlà gígùn kọ̀ọ̀kan ná, ẹ lọ ojú rírán ibẹ̀ kí ó sùn sápá kan, lẹ́yìn náà kí ẹ wá so ìlà mọ́ ìlà. Ìró àtijọ́ tàbí bẹ́ẹ̀díṣíìtì tó ti gbó láàrin ni ẹ ó fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀: ẹ dojú àwọn méjèèjì kọra, ẹ rán an yíká bí àpò ìrọ̀rí, ẹ fi ihò kékeré sílẹ̀, ẹ gba ibẹ̀ yí inú rẹ̀ síta, ẹ wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ pa ihò náà dé. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ fi òwú tó nípọn gún un mọ́ra ní àwọn oríkèé tí igun mẹ́rin bá ti pàdé. Bí ẹ ò bá ṣe èyí, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ ni ẹ̀yìn á gba ọ̀nà tirẹ̀, tí iwájú náà á gba ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ má po léèsì mọ́ àńkárá. Bí wọ́n ṣe ń kì kò dọ́gba, ó máa ń hunjọ.

Àwọn ègé tó kéré jù, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ kì í sínú tìmùtìmù fún ìyá ọkọ yín. Ìyá tó ń jókòó lórí àpótí nídìí ààrò á mọ rírì rẹ̀.

Alájọ

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ kí ìyá yìí má baà kó sí gbèsè kan nígbà tó ń sá fún òmíràn. A ní àjákù jẹ́ ọ̀fẹ́. Òwú ńkọ́? Iná ńkọ́, níbi tí a ti ń da bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀ ká tó lọ aṣọ? Iye ọjọ́ tó máa fi jókòó rán an ńkọ́, nígbà tó yẹ kó wà lọ́jà? Mo ti rí ẹni tó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ṣe ẹ̀bùn kí owó má baà lọ, tó ra àwọ̀, tó ra gọ́ọ̀mù, tó ra ìlẹ̀kẹ̀, tí owó náà sì ju èyí tí ì bá fi ra nǹkan lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹ̀bùn yín bá ti ń rán yín lọ sọ́jà, ẹ tún un rò.

Ìyá Àdùkẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Alájọ, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín wọlé. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni tèmi, áyọ́ọ̀nù eléèédú náà sì wà nílé. Òwú nìkan ni màá rà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kù tí mi ò tíì mọ ohun tí màá fún. Àgbà ni wọ́n, wọ́n ń gbé Èkó, kò sí nǹkan tí wọn ò rí rà. Ojú á tì mí bí mo bá gbé ohun tí kò nítumọ̀ síwájú wọn.

Ọmọ Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Màmá, ẹ jẹ́ kí ojú má tì yín rárá. Ohun tí wọn kò lè rà ní Èkó ni kí ẹ fún wọn.

Ní Ọ̀yọ́ níbí, iṣẹ́ igbá ò tíì parun. Ọjà Akẹ̀sán tó wà níwájú ààfin, èyí tó jóná nínú oṣù Kìíní 2020 tí wọ́n sì ti tún kọ́, ẹ ó rí igbá rà níbẹ̀. Igbá tí wọ́n ti fín tán wọ́n díẹ̀, torí ẹni tó jókòó ti ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n àfọ́kù igbá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àfọ́kù yìí ni ẹ ó fi ṣe ìgbakọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin Èkó ló ń fi ṣíbí ike bu àmàlà, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń bínú? Ìgbakọ kì í jẹ́ kí àmàlà lẹ̀ bí a bá ti rì í bọ omi.

Ẹ wo bí àfọ́kù náà ṣe tẹ̀, ẹ fi èédú ya ìgbakọ sí i lára, kí ojú rẹ̀ bọ́ sí ibi tó kòtò jù. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí ó lè rọ̀ lábẹ́ ayùn. Ayùn kékeré onírin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn rẹwáyà fi ń gé páìpù ló dára jù, ẹ rọra máa fà á, torí bí ẹ bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ á là gba àárín. Bó bá ti gbẹ, ẹ wá ewé eépín. Igi eépín wọ́pọ̀ lẹ́yìn ilé ní agbègbè wa, ewé rẹ̀ rí gbágungbàgun bíi sáńpépà, òun ni àwọn bàbá wa fi ń dán igi àti igbá kí sáńpépà tó dé. Ẹ fi dán etí rẹ̀ títí tí kò fi ní há ọwọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fín in, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ mímú fá awọ òkè rẹ̀ díẹ̀: ibi tí ẹ fá á funfun, ibi tí ẹ fi sílẹ̀ á pọ́n. Ìlà tó gúnlẹ̀ àti igun mẹ́ta wẹ́wẹ́ ti tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ohun kan ṣe pàtàkì: igbá tuntun máa ń korò. Ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ dà á nù, ẹ tún da òmíràn, títí tí ẹ ó fi tọ́ omi náà wò tí kò ní korò mọ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní igbá tí ẹ kò tíì ṣe báyìí sí, á ba àmàlà wọn jẹ́.

Tíṣà Àkẹ́

Ẹ kú àpérò o. Ti àwọn ọmọ ni mo bá wá. Gbogbo wa la ń kígbe pé fóònù ti gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ló ní ọpọ́n ayò nílé? Ọpọ́n onígi wọ́n. Ẹ wo kíréètì ẹyin onípáálí, èyí tó ń gba ẹyin 30. Ihò mẹ́fà ló wà ní gígùn rẹ̀, márùn-ún ní ìbú. Bí ẹ bá gé ìlà méjì onígùn-ún kúrò, ihò 12 ti délẹ̀, mẹ́fà fún ọ̀ta, mẹ́fà fún ọ̀pẹ. Kíréètì kan á fún yín ní ọpọ́n méjì, ìlà kan á sì ṣẹ́kù. Ẹ gé ìlà tó ṣẹ́kù yìí sí wẹ́wẹ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ọpọ́n lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ibẹ̀ ni oníkálukú á máa kó èyí tó bá jẹ sí.

Páálí kíréètì rọ̀, nítorí náà ẹ po ògì tó ki (ògì tí a sè, bíi ti ìsáṣọ), ẹ fi lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ ọn lára nínú àti lóde, ìpele lórí ìpele, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ nínú oòrùn kí ìpele kejì tó gorí rẹ̀. Nínú ọyẹ́ yìí kò ní pẹ́ rárá. Bó bá ti gbẹ kanrin, ẹ ó kàn án, á dún kókó bí igi. Àwọn ọmọ lè fi àwọ̀ tó bá wù wọ́n kùn ún.

Ọmọ ayò jẹ́ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá mọ ibi tí igi ayò wà nínú igbó, ẹ lọ ká a, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ọwọ́ torí ẹ̀gún bo igi yẹn àti èèpo èso rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, èkùrọ́ dára, òkúta wẹ́wẹ́ etí odò náà dára. Ọmọ tó bá ń ta ayò ń ṣírò láìmọ̀. Ọmọ tí kò fẹ́ràn ìṣirò ní kíláàsì mi, bí ẹ bá gbé ayò síwájú rẹ̀, á máa ka ihò lójú kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ọpọ́n, kí ó lè mọ ibi tí èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí.

Ẹ má gbé e fún ọmọ tí ohun gbogbo ṣì ń bọ́ sí lẹ́nu o.

Bọ̀dá Sábó

Mọ́tò alágolo ńkọ́? Agolo mílíìkì, wáyà, sílípáàsì tó ti já fún táyà. Ẹ kàn rí i pé ẹ fi òòlù tẹ etí agolo náà wọlé kí ó má baà gé wọn lọ́wọ́.

Mo tún rò ó pé kajú pọ̀ lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá tọ́jú èso rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá lè yan án, kó sì dì í sínú ìgò fún àwọn ará Èkó.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì

Bọ̀dá Sábó, ẹ jọ̀ọ́, ti kajú yẹn, ẹ jẹ́ kí n dá yín dúró. Òróró tó wà nínú èèpo kajú máa ń jó ara bí iná. Bí a bá ń yan án, ó máa ń ta jáde, èéfín rẹ̀ sì máa ń ta ojú àti ọ̀fun. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ pa á, tó tún fi ọwọ́ kan náà nu ojú, ara rẹ̀ á lé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tó ń yan án níta gbangba, tó ń fi eérú pa ọwọ́ kí ó tó fọ́ ọ, kí ó máa ṣe é. Kì í ṣe iṣẹ́ inú ilé tí ọmọ ń sáré kiri. Ẹ̀pà ni kí ẹ yan.

Alágbàdo

Tàbí àádùn! Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Àgbàdo gbígbẹ, epo pupa, ata gígún àti iyọ̀, ó tán. Ẹ ṣa òkúta inú àgbàdo kúrò, ẹ yan án lórí iná tí kò le, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró títí tí á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bó bá dúdú, ó ti di kíkorò. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ bẹ alálọ̀ kí ó má lọ tiyín tẹ̀lé ata ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ ọ́. Ẹ wá máa ta epo sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ fún un pọ̀, títí tí á fi dì mọ́ra bí ẹ bá kì í mọ́wọ́, tí kò sì ní máa ṣàn lépo. Ẹ fi ewé dì í ní ṣóńṣó bí a ti ń ṣe é látijọ́. Bí omi ò bá ti kàn án, á dé Èkó, wọ́n á ṣì máa jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá délé. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ yín yẹn, kí wọ́n tó tú ewé rẹ̀ tán ni wọ́n á ti máa rántí ìgbà tí wọ́n ń lọ ilé-ìwé.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Òrí. Ara gbogbo ènìyàn ló ń hán nínú ọyẹ́, òrí kò sì wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹ má gbé e ka iná ní tààràtà. Ẹ gbé abọ́ òrí sínú omi gbígbóná kí ó rọ̀, ẹ ta àdín àgbọn díẹ̀ sí i, ẹ fi ìjàbẹ̀ lù ú títí tí á fi wú tí á sì funfun. Bó bá ti yọ́ pátá, ẹ gbé abọ́ náà sínú omi tútù kíá kí ẹ tó lù ú, torí òrí tó bá rọra tutù fúnra rẹ̀ máa ń di kókó wẹ́wẹ́. Ike kékeré tí ẹ ti fọ̀ tí ẹ sì ti sá gbẹ ni kí ẹ rọ ọ́ sí. Mo fẹ́ràn kí a so ègé àńkárá mọ́ ìdérí rẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí ó ní iyì lójú.

Ọmọ Aláró

Mo ń kọ́ iṣẹ́ aró lọ́wọ́, mo sì rí i pé àwọn kan á fẹ́ fi bẹ́ẹ̀díṣíìtì funfun ṣe àdìrẹ oníko. Ó rẹwà lóòótọ́. Ẹ kàn mọ̀ pé aró oníyẹ̀fun òde òní, kọ́síìkì sódà ni wọ́n fi ń pò ó, ó ń jó ènìyàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ lo abọ́ ike, ẹ má ṣe lo ìkòkò alumíníọ̀mù láéláé torí kọ́síìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, á máa hó, á máa rú. Aṣọ òwú ló ń mu ún dáadáa. Àwọn ọmọ lè bá yín fi ìko di òkúta mọ́ aṣọ náà, iṣẹ́ tiwọn parí síbẹ̀.

Bàbá Ọlọ́rọ̀

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì gbádùn rẹ̀. Ọmọ mi, ìyá Àdùkẹ́, ìyá ọkọ rẹ ń bẹ láàyè, ìwọ sì ń wá ohun tí o máa fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Lọ jókòó tì wọ́n nírọ̀lẹ́, nígbà tí ara bá tù wọ́n, kí o ní kí wọ́n ki ọmọ wọn kọ̀ọ̀kan fún ọ. Tan fóònù rẹ kí ó máa gbà á sílẹ̀, má ṣe dá wọn dúró láti béèrè ọ̀rọ̀, torí oríkì bí a bá dá a dúró, ó máa ń já lẹ́nu àgbà. Lẹ́yìn náà ni kí o wá kọ ọ́, ojú ewé kan tàbí méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: oríkì àbísọ rẹ̀ lókè, Àjọkẹ́ tàbí Àbẹ̀kẹ́ tàbí ohun yòówù kó jẹ́, kí oríkì orílẹ̀ bàbá wọn tẹ̀ lé e, kí ti ìdílé ìyá wọn náà má sì gbẹ́yìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti yé ọ, padà lọ bi wọ́n lọ́jọ́ kejì. Fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kí ọmọ Èkó lè kà á bó ṣe yẹ.

Mo ń rí àwọn ọmọ tí a sin òbí wọn, tí wọ́n wá ń san owó fún ẹlòmíràn kí ó bá wọn ki bàbá wọn níbi ìnáwó. Èyí tí ìyá wọn fi ẹnu ara rẹ̀ kì, kò sí ọjà Balógun tí wọ́n ti lè rí i rà. Àwọn ọmọ rẹ wẹ́wẹ́ gan-an á jókòó tẹ́tí sí i. Má sì jẹ́ kó pẹ́.

Alájọ

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Èyí ò rán ẹnikẹ́ni lọ sọ́jà ju owó ìwé kan lọ. Mo gbà.

Ìyá Àdùkẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀. Alẹ́ àná ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo kàn sọ pé "Màmá, ẹ ki ẹ̀gbọ́n wa àgbà fún mi," wọ́n sì gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ki ẹ̀gbọ́n wa débi tí ọkọ mi fi jáde láti inú yàrá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun ò gbọ́ apá kan nínú rẹ̀ rí.

Èyí ni mo fẹnu kò sí: ìwé oríkì àti ìgbakọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, pẹ̀lú àádùn tí wọ́n á kó lọ. Tìmùtìmù àti òrí fún màmá. Aṣọ ìbora fún àwọn tó kéré, ọpọ́n ayò fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Àdìrẹ di ẹ̀yìn ọdún. Ọmọ Akẹ̀sán, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi wá àfọ́kù igbá tó nípọn díẹ̀?

Ọmọ Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ó ti di ṣíṣe, màmá. Ibi tó kòtò dáadáa ni mo máa ṣà, torí àfọ́kù tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í bu àmàlà. Màá fi rán dírẹ́fà tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ láti gáréèjì Owódé, ẹ kàn fún un ní owó ẹrù. Ẹ rẹ ẹ́ sómi lálẹ́ ọjọ́ tó bá dé.

Téélọ̀ Arówómọlẹ̀

Ẹ tètè wá gbé àpò àjákù yín o, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó dá iná sí i. Mo ti ya àwọn èyí tó fẹ̀ sọ́tọ̀, aláwọ̀ aró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.